Ìwé Tí Ọlọ́lá Dimaunahan Kọ sí Òkun

Ní ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kìn-ín-ní, alága ìlú San Gaudencio fi rọ́bà pa iye ẹyẹ tí Loreta Macaspac kọ sínú ìwé rẹ́, ó fi bíírò kọ iye mìíràn sókè ibẹ̀, ó sì gba kọ́kọ́rọ́ ahéré ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí Loreta kọ ni ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé mẹ́rìnlá. Iye tí alága kọ ni ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀. Orúkọ Loreta ni wọ́n fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó ṣe é. Ọlọ́lá Policarpio Dimaunahan ni orúkọ rẹ̀. Ní èdè wọn níbẹ̀, Dimaunahan ni ẹni tí a kò lè ṣíwájú. Apẹja ni àwọn baba ńlá tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà, bóyá torí pé wọ́n mọ ọkọ̀ wà ni. Ṣùgbọ́n òfin ni Policarpio fi ṣe ní tirẹ̀. Bí ó bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà, kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ kọjá á. Jípù tó kún fún èrò àti ẹja tútù á máa rá bí ìgbín lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹja á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà nìkan ló ń ṣíwájú rẹ̀ lórí ìlà, ìyẹn náà sì ń dùn ún. Nígbà tí wọ́n sìnkú alága àná, òun ló ṣíwájú pósí.

Kì í sọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú. Kí ó tó la ẹnu, akọ̀wé rẹ̀, Fidel Quizon, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún gbogbo èèyàn ní àmì pé kí wọ́n dìde. Agogo idẹ ni wọ́n ń lù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n olè ti gbé e lọ, ni Quizon bá wá bàsíà irin kan nínú ilé ìdáná, ó ń fi igi lù ú lẹ́ẹ̀mẹta: tàn, tàn, tàn. Àwọn ẹlẹ́ja ní ọjà a máa sọ pé bí Bàbá Ponso ṣe ń pe àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ wá jẹun gan-an nìyẹn. Bí a bá sì wo bí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ń sáré dìde, a ò lè pe àwọn ẹlẹ́ja náà ní òpùrọ́.

Loreta, tí gbogbo ìlú ń pè ní Àǹtí Loring, ti ń ka ẹyẹ ní irà San Gaudencio fún ọdún mọ́kàndínlógún. Bí òkun bá fà, àwọn ẹyẹ tó ti ìlú òtútù wá á fọ́n ká orí ẹrẹ̀ bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí òkun bá kún, òkìtì kan ṣoṣo ló máa ń ṣẹ́kù tí omi kì í bò. Gbogbo wọn á kó ara wọn jọ sórí rẹ̀, ẹlẹ́nu ṣóńṣó àti ẹlẹ́nu kọdọrọ bí dòjé, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan dúró, wọ́n á máa sùn. Ìgbà yẹn ni Loring ń kà, ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, á sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Wọ́n ti fún un ní bíírò rí, ó dá a padà. Ó ní bíírò máa ń sunkún tí omi bá kàn án, ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù kì í sunkún.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ̀rún méjìlá ló kà. Lọ́dún yìí iye náà já wálẹ̀, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Alága ti ri báńà mẹ́tàdínlógún mọ́ orí òkìtì náà, àwòrán ojú ara rẹ̀ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, ó ń kí àwọn àlejò káàbọ̀. Ẹyẹ tó ti fò kọjá òkè yìnyín, tó sá fún àṣá àti àwọ̀n lójú ọ̀nà, wá dé, ó bá ẹyinjú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ń wò ó láìṣẹ́jú. Ìwọ òǹkàwé ńkọ́, ṣé wàá sùn níbẹ̀? Loring kọ ọ́ sísàlẹ̀ iye tó kà pé: “Báńà ló lé wọn.”

Ìyẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ pè é.

“Mo gbọ́ pé o ka àwọn ẹyẹ mi,” ni alága wí.

“Mo ka àwọn ẹyẹ, Ọlọ́lá.”

“Santa Escolastica tó wà lódìkejì odò, tí alága wọn ò ga dé èjìká mi, ọ̀kẹ́ kan ni wọ́n kọ. Ìjọba ti gbé òkúta ẹ̀yẹ fún wọn. Èmi wá nìyí, pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe tó yìí, o kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án fún mi. Ṣé àwọn ẹyẹ ló ń fojú di mí ni, àbí ìwọ?”

“Iye tó wà níbẹ̀ ni mo kọ.”

“Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń kọ,” ni Quizon wí, ó sì wo ojú alága bóyá ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú.

Alága tẹ́ ìwé àwòrán kan sórí tábìlì. Ilé Ìṣọ́ Dimaunahan ló wà nínú rẹ̀, alájà márùn-ún, ère alága lókè pátápátá tó ń nàka sí ojú ọ̀run. Tí òkúta ẹ̀yẹ bá ti dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lórí òkìtì.

Loring fi ìka tẹ òkìtì inú àwòrán náà. “Ọlọ́lá, ẹ dákun, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sinmi sí tí òkun bá kún. Tí ẹ bá kọ́lé síbẹ̀, wọn ò ní padà wá mọ́ láéláé.”

“Wọ́n á sinmi sórí ilé. Mo ti ní kí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn sí i.”

“Àtẹ̀gùn tó rọra dẹ̀ ni, Ọlọ́lá,” ni Quizon wí. “Ẹyẹ arúgbó gan-an á gùn ún.”

Alága mú rọ́bà, ó pa iye náà rẹ́, ó pa ọ̀rọ̀ báńà rẹ́, ó sì fẹnu fẹ́ ìdọ̀tí rọ́bà kúrò bí ẹni ń fẹ́ eérú kúrò lórí búrẹ́dì. Ó yọ bíírò wúrà rẹ̀, ó kọ ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀.

“Ó dáa,” ni Loring wí. “Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ pẹ̀lú.”

“Orúkọ tìẹ ló máa jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́,” ni alága dáhùn. Èyí nìkan ni òtítọ́ tó sọ lọ́jọ́ náà.

Loring délé, ó yan ẹja gbígbẹ títí ó fi jóná, kò jẹ ẹ́. Gbígbà tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Egungun ẹja lásán lè ṣí ilẹ̀kùn ahéré yẹn. Ohun tó ń dùn ún ni pé fún ọdún mọ́kàndínlógún, ohun tó bá wà lókè orúkọ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, irọ́ ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Irọ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ fi kọ́lé sórí ibùsùn àwọn ẹyẹ.

Wọ́n dá ọjọ́ ayẹyẹ òkúta náà, tí àlejò láti ọ̀dọ̀ ìjọba máa wá fojú ara rẹ̀ rí àwọn ẹyẹ, sí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nítorí pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n bí alága. Loring lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, níbi tí ará ìlú ti lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dán an wò rí. Tàn, tàn, tàn. Wọ́n dìde, wọ́n jókòó.

“Ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ yẹn,” ni Loring wí, “òkun á ti fà lọ jìnnà. Ẹyẹ kankan ò ní sí nítòsí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni omi á kún.”

Alága dìde. Ó tún kọ́là ẹ̀wù funfun rẹ̀ tí wọ́n fi òwú ewé ọ̀pẹ̀ òyìnbó hun ṣe, ó sì gbé ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ ikùn.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi. Nígbà tí mo gba ipò yìí, wọ́n ní ọ̀nà ọjà kò ṣeé tún ṣe. Mo tún un ṣe.” Kò tíì tún un ṣe. “Wọ́n ní èmi kò lè mú iná wọ gbogbo ilé. Mo mú un wọ̀ ọ́.” Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná lọ, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú nínú òkùnkùn. “Ta wá ni òkun? Ṣé òkun dìbò fún mi ni? Ṣé òkun ń gbé San Gaudencio tàbí kò gbé ibẹ̀? Bí ó bá ń gbé ibẹ̀, ó wà lábẹ́ àṣẹ mi.”

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Àṣẹ Kẹtàlélógún, tó ní kí òkun kún ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láìyẹ̀. Gbogbo ìgbìmọ̀ nawọ́ sókè pé àwọn fara mọ́ ọn. Àgbà kan láàárín wọn béèrè ẹni tó máa gbé ìwé náà dé ọ̀dọ̀ òkun.

“Òkun kì í kàwé, Ọlọ́lá,” ni Loring wí.

“Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà.”

Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Apẹja kan fi ọkọ̀ gbé ìwé náà dé àárín omi, ó jù ú sí i, ó sì padà wá fọwọ́ sí i pé òkun ti gbà á.

Apọ́nnilé ni Quizon, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé òkun lè má dá èsì padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Bàbá Ponso, àgbàlagbà tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irà, wá kan ilẹ̀kùn Loring. Ọ̀dà funfun wà ní gbogbo apá rẹ̀.

“Loring, ọmọ mi, wọ́n ti kun àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi.”

“Wọ́n kùn wọ́n báwo?”

“Ọ̀dà ara ògiri ni. Wọ́n kun ẹ̀yìn wọn ní funfun, wọ́n kun ẹsẹ̀ wọn ní pupa. Gbogbo irinwó tí mo ní. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi Doray sílẹ̀, pé ó ń yé lọ́wọ́. Wọ́n kùn ún lórí ẹyin.”

“Ẹ̀yin náà wá gbà fún wọn, Bàbá?”

“Quizon ní tí mi ò bá gbà, wọ́n á ti adágún mi pa. Ta ni mo fẹ́ lọ bá? Ìwọ tí o lọ sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n fún ọ?” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ọ̀dà kan imú náà. “Láti àná ni wọ́n ti ní n má fún wọn lóúnjẹ, kí wọ́n má baà sùn níwájú àlejò. Tí mo bá kàn yọjú báyìí, ṣe ni wọ́n ń wò mí bí agbowó-orí.”

Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, òkun ti fà lọ jìnnà. Kò fi èsì ránṣẹ́. Ẹrẹ̀ nìkan ló kù, ó ń dán bí ẹ̀yìn ẹja láti etí bèbè títí dé ibi tí ojú ríran mọ, àwọn ẹyẹ sì wà lọ́hùn-ún bí ìyẹ̀fun dúdú tí ẹnì kan fọ́n sílẹ̀. Lórí pèpéle, wọ́n ti to àkàrà ìrẹsì gbígbóná jọ fún àwọn ọlọ́lá, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì ṣí ìwé ẹyẹ sí. Loring dúró lẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn ẹlẹ́ja, ó ki pẹ́ńsùlù bọ irun.

Àlejò náà ni Dókítà Amparo Villaruz, obìnrin kékeré tó wọ bàtà òjò dé orókún. Òun ló ń gba ìwé Loring ní ọ́fíìsì ìjọba lọ́dọọdún, láti ọdún mọ́kàndínlógún wá, àmọ́ wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

“Níbo ni ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀ ẹyẹ náà wà, Ọlọ́lá?”

“Púpọ̀ nínú wọn ti lọ jẹun àárọ̀,” ni Quizon yára dáhùn. “Àwọn aṣojú wọn nìyí.” Ó nàka sí ẹsẹ̀ òkìtì, níbi tí irinwó ẹ̀dá funfun ẹlẹ́sẹ̀ pupa wà lẹ́yìn àwọ̀n kan, tí gbogbo wọn dákẹ́ bí èrò ilé ìwòsàn.

Dókítà fi ojú sínú awò rẹ̀ tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́.

“Irú ẹyẹ wo nìyí?”

“Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé,” ni alága wí. “Ẹyẹ Dimaunahan ni wọ́n ń pè é.”

“Ó jọ pẹ́pẹ́yẹ.”

“Pẹ́pẹ́yẹ ló jọ ọ́.”

Dókítà tún fojú sínú awò. “Ọ̀kan nínú wọn ń bó.”

“Àsìkò tí ìyẹ́ wọn ń re nìyí,” ni Quizon wí. Kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ìbéèrè mìíràn, ó gbé bàsíà, ó na igi sókè.

Loring rí i. Ó rí Bàbá Ponso náà tó di ojú rẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Ó lè pariwo pé kí wọ́n dúró. Ká má parọ́ fún ara wa, obìnrin olóòótọ́ yìí pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Tàn, tàn, tàn.

Gbogbo ìlú dìde. Irinwó pẹ́pẹ́yẹ náà dìde. Ebi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa àwọ̀n náà ya, wọ́n sì gba ọ̀nà pèpéle bọ̀, ọrùn nínà gbọọrọ, wọ́n ń ké kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́.

Alága la apá rẹ̀ méjèèjì. “Ẹ wò wọ́n,” ni ó wí sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. “Wọ́n mọ̀ mí.”

Ẹni tó ń pè wọ́n wá jẹun ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí wọn ò rí oúnjẹ lọ́wọ́ alága, wọ́n wá a nínú ṣòkòtò rẹ̀. Alága bẹ́ láti orí pèpéle. Èrò ti dí gbogbo ọ̀nà, àfi orí ẹrẹ̀ nìkan, ibẹ̀ ló sì sáré gbà. Ní ìṣísẹ̀ kẹta, ẹrẹ̀ mú un dé orókún. Ní ìkẹrin, ó mú un dé itan, ibẹ̀ ló sì dúró sí bí òpó báńà. Ẹrẹ̀ kì í mú pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, wọ́n gba òsì rẹ̀ kọjá, ọ̀dà ń kan ẹ̀wù rẹ̀. Doray tí ẹyin ń dà láàmú ló kẹ́yìn, ó ń rọra rìn, òun náà sì kọjá á.

Ẹlẹ́ja kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Loring sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ iye ẹja: “Dimaunahan, wọ́n mà ti ṣíwájú ẹ.”

Ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ ní Santa Escolastica.

Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà ti wà lórí tábìlì nígbà náà, wọ́n ń jẹ àkàrà ìrẹsì, omi irà sì ń kán lára wọn sórí ìwé ẹyẹ. Dókítà Villaruz lé wọn, ó gbé ìwé náà, ó sì rí i pé ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀ ti ń sunkún. Yíǹkì náà ti ṣàn di omi aró.

“Ìyáàfin Macaspac dà?” ni ó béèrè. “Ẹni tó ni orúkọ yìí.”

Àwọn ẹlẹ́ja ti Loring síwájú.

“Ṣé ìwọ lo kọ iye yìí, ìyáàfin?”

“Rárá, mà. Tèmi wà lábẹ́ rẹ̀.”

Ó yọ pẹ́ńsùlù nínú irun, ó dá a dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, ó rọra fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ra ibi tí wọ́n ti pa rẹ́, ní ìsàlẹ̀ níbi tí omi ò dé. Bí ibẹ̀ ṣe ń dúdú bẹ́ẹ̀ ni àpá ìkọ̀wé rẹ̀ ń yọ jáde ní funfun: ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé mẹ́rìnlá. Báńà ló lé wọn.

Dókítà kà á sókè. Ọkùnrin mẹ́rin ń fi okùn fa alága jáde nínú ẹrẹ̀ nígbà náà, bàtà rẹ̀ sì ṣẹ́kù síbẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìjọba ìpínlẹ̀ ti ní kó lọ rọ́kún nílé. Àwọn ìgbìmọ̀ tó nawọ́ sókè fún Àṣẹ Kẹtàlélógún ṣàlàyé pé orí ló ń yún àwọn, pé àwọn fẹ́ họ ọ́ ni. Bàbá Ponso kó àwọn báńà mẹ́tàdínlógún náà, ó fi wọ́n bo ilé pẹ́pẹ́yẹ, àwòrán náà dorí kodò; Doray ń yé lábẹ́ imú alága. Alága fúnra rẹ̀ ti kó lọ sí Manila, olú-ìlú wọn, lọ́dọ̀ àna rẹ̀, ẹni tó sì rí i níbẹ̀ sọ pé orí ìlà ìwọkọ̀ ni òun ti rí i, pé ẹni kọkàndínlógójì ni.

Ìtàn ìbá parí síbẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni irú wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, igbákejì alága, Ìyáàfin Milagros Tayag, tó ti wà lórí àga báyìí, wá bá Loring nílé. Quizon ló gbé àpò rẹ̀.

“Àǹtí Loring wa,” ni Quizon wí, “akọni obìnrin.”

Ìyáàfin Tayag kò ṣe fáàrí. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ahéré lé orí tábìlì. “Dókítà ní kí o tún un kà lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò fẹ́ ọ̀kẹ́ kan ààbọ̀, ìwà wèrè nìyẹn. Ọ̀kẹ́ kan péré ni. Tó bá ti pé ọ̀kẹ́ kan, òfin ti sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dimaunahan ò kà á, ẹnikẹ́ni ò ní lè kọ́lé sórí òkìtì yẹn mọ́ títí ayé. Tí kò bá pé, mi ò lè ṣèlérí fún ẹni tó máa dé lẹ́yìn mi. Torí àwọn ẹyẹ ẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́, Loring. Ìwọ náà rò ó.”

Loring rò ó. Ó rò ó pẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kì í ṣe irọ́ tán. Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo pẹ́ńsùlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Aago wo ni òkun á kún lọ́jọ́ Àìkú?” ni Quizon béèrè, ó ti yọ ìwé jáde láti kọ ọ́.

“Ìgbà tó bá wù ú,” ni Loring wí. “Ẹ wá ní aago méjì, kí ẹ dúró dè é.”

Lọ́jọ́ Àìkú, kò wọ inú ahéré. Ó ti pe àwọn ẹlẹ́ja, ó ti pe Bàbá Ponso, ó ti pe ẹnikẹ́ni tó bá lè ka mẹ́wàá, ó ní kí wọ́n jókòó sí bèbè kí wọ́n má pariwo. Ìyáàfin Tayag wá pẹ̀lú, ó sì bá ara rẹ̀ láàárín àwọn agbọ̀n ẹja. Omi dé láìsí ìwé àṣẹ. Àwọn ẹyẹ gbéra lórí ẹrẹ̀, wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀run bí aṣọ tí a gbọ̀n, wọ́n sì bà sórí òkìtì tí kò ní báńà mọ́. Wọ́n pọ̀ ju ti oṣù kìn-ín-ní lọ. Wọn ò tó ọ̀kẹ́ kan, ojú lásán ti rí i.

Loring mú pẹ́ńsùlù. Ó fi eyín fa rọ́bà kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀ yọ, ó tu ú sínú omi.

“Tí o bá wá ṣèṣì ńkọ́?” ni Ìyáàfin Tayag béèrè jẹ́jẹ́.

“Màá fa ìlà lé e, mà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àṣìṣe mi kà.” Ó na ìwé náà sí i. “Ẹ bá mi dì í mú. Orúkọ yín náà máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀.”

Ìyáàfin Tayag wo ìwé, ó wo àwọn èèyàn tó ń wò ó, ó sì dì í mú.

“Mẹ́wàá,” ni Loring kà sókè.

“Mẹ́wàá,” ni àwọn tó wà ní bèbè dáhùn.